Orúkọ Tí Mo Kọ Sínú Ìwé Àdúrà

Bí n kò bá sọ ọ́ kí Ọjọ́bọ̀ tó dé, irọ́ tí mo pa yóò dìde dúró níwájú èèyàn, wọn yóò sì pàtẹ́wọ́ fún un. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó ti tábìlì ilé ìdáná mi ní Thamesmead nílùú òyìnbó láàárọ̀ yìí, tí mo ń kọ ìwé yìí sí ẹ̀yin ará Kettle Room, sí ẹ̀yin ará ìjọ mi, àti sí ẹ̀yin alákòóso Pellgrove Trust. Bernice, ọ̀gá mi níbi iṣẹ́, mo mọ̀ pé o kò gbọ́ Yorùbá. Wá ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀ fún ọ. Èdè tí mo fi hùwà ìkà yìí ni mo fẹ́ fi jẹ́wọ́ rẹ̀. Bíbo nǹkan mọ́lẹ̀ ti mọ́ Gẹ̀ẹ́sì mi lára jù.

Orúkọ mi ni Adùnọlá. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni mí. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi tọ́jú àwọn arúgbó kí ẹ̀yìn tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, tí mo wá iṣẹ́ ọ́fíìsì lọ. Kettle Room ló gbà mí. Yàrá mẹ́ta péré ni, lókè ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́yìn Powis Street ní Woolwich. Ìkòkò tíì ibẹ̀ kì í tutù, òun ló jẹ́ kí àwọn ọmọ sọ ibẹ̀ lórúkọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá síbẹ̀ ni àwọn tí wọ́n ń pè ní LGBTQ: ọmọbìnrin tó fẹ́ràn ọmọbìnrin, ọmọkùnrin tó fẹ́ràn ọmọkùnrin, àti àwọn tó mọ̀ nínú ara wọn pé ohun tí wọ́n pè wọ́n nígbà tí wọ́n bí wọn kọ́ ni wọ́n jẹ́. Wọ́n ń mu tíì, wọ́n ń ṣe iṣẹ́ iléèwé wọn, wọ́n ń rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Kì í ṣe ìjọba ló ń gbọ́ bùkátà ibẹ̀, Pellgrove ni. Olówó kan ló fi ohun ìní rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó kú, pé kí wọ́n máa fi èrè orí rẹ̀ ran àwọn ọ̀dọ́ tí kò ní alátìlẹ́yìn lọ́wọ́. Ọdọọdún ni Pellgrove ń béèrè ìròyìn lọ́wọ́ wa: ọmọ mélòó ló wá, kí ló yí padà fún wọn, ṣé ibi kankan ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni, àti ìtàn ọmọ kan ṣoṣo, láìdárúkọ. Èmi ni mo máa ń kọ ìròyìn náà. Bó bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á tún tì wá lẹ́yìn. Bí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, ilẹ̀kùn á tì.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Nathan Way, tí a ń ṣe nínú ilé ìkẹ́rùsí kan láàárín àwọn mẹkáníìkì, mo sọ pé àjọ kan tó ń ran àwọn ọ̀dọ́ lọ́wọ́ ni mo ń bá ṣiṣẹ́. Kò sẹ́ni tó bi mí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ aládùúrà, Auntie Adùn, àwọn ọmọ ń kúnlẹ̀ kí mi. Ẹ̀rù pé ẹnìkan yóò mọ irú ọ̀dọ́ tí mò ń ràn lọ́wọ́ máa ń bá mi wọ bọ́ọ̀sì lójoojúmọ́. Mo máa ń wẹ̀yìn kí n tó gun àtẹ̀gùn ibi iṣẹ́ mi. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà o, mo sì fẹ́ràn àwọn ọmọ náà. Kí wọ́n máa kúnlẹ̀ kí mi ní ṣọ́ọ̀ṣì ni mo fẹ́ràn jù.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kẹta ọdún yìí, ẹni tó ti ilẹ̀kùn wọlé ni Olúwatámilórè, tí a ń pè ní Támi, ọmọ Sister Alice. Nọ́ọ̀sì ni Sister Alice, ẹ̀gbẹ́ mi ló sì máa ń jókòó nínú ẹgbẹ́ aládùúrà. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni Támi. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ka Bíbélì fún gbogbo ìjọ ní ọjọ́ Ìsinmi tó ṣáájú. Ó rí mi, ó di ara ògiri mú.

"Auntie? Wait, what? Ìwọ náà wà níbí?" Ẹ̀rù kò jẹ́ kó rántí pé àgbà ló ń bá sọ̀rọ̀.

"Iṣẹ́ ni mò ń ṣe níbí o," ni mo yára sọ. "Just admin."

"Auntie, please, I'm begging you. Má sọ fún mummy mi. She'll kick me out, I swear down."

"Kí ni mo fẹ́ sọ? Fọkàn balẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ lẹ́nu mi."

"Èmi náà ò ní sọ pé mo rí ẹ," ló fi kún un, ó sì dì mọ́ mi.

Ó rò pé ọ̀rọ̀ yẹn máa fi mí lọ́kàn balẹ̀. Òun gan-an ló kó mi láyà sókè. Ọmọ yìí ti mọ àṣírí mi! Bí inú bá bí i ńkọ́? Bí ìyá rẹ̀ bá ká a mọ́ ibì kan, tó wá ní "Auntie Adùn náà wà níbẹ̀" ńkọ́? Odidi ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ń yẹra fún un. Àgbàlagbà bíi tèmi, mò ń sá fún ọmọ tó ń sá di mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta láàárọ̀ ni ẹgbẹ́ aládùúrà máa ń pàdé. Àwọn ará ìjọ á ti kọ ohun tí wọ́n ń fẹ́ sínú ìwé pélébé, wọ́n á ká a, wọ́n á jù ú sínú apẹ̀rẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ kò ní kọ orúkọ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ ẹni tí a fẹ́ gbàdúrà fún gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ ní kíkún, pẹ̀lú orúkọ ìyá rẹ̀. Pásítọ̀ wa kì í gba "ọmọ kan" tàbí "arábìnrin kan". Bí wọ́n ṣe kọ́ wa láti kékeré nìyẹn, pé ọmọ ta ni là ń pè níwájú Ọlọ́run. A ó pín àwọn ìwé náà, oníkálukú á ka tirẹ̀ sókè, a ó ṣe àmín. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn, mo fi lẹ́tà gàdàgbà kọ tèmi kí wọ́n má bàa dá ọwọ́ mi mọ̀: "Olúwatámilórè, ọmọ Alice. Kí Ọlọ́run fà á yọ láàárín àwọn obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin ní Woolwich." Mo sọ fún ara mi pé àdúrà ni. Ẹ ò gbọ́ mi bí? Àdúrà! Apẹ̀rẹ̀ náà yí ká, ìwé náà sì bọ́ sọ́wọ́ Sister Alice fúnra rẹ̀.

Ó tú u. "Olúwatámilórè, ọmọ Alice," ló kà sókè, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, nítorí ó rò pé ẹnìkan ń bá òun gbàdúrà fún ìdánwò ọmọ òun. Gbogbo wa ké "Àmín!" Mò ń wo ojú rẹ̀ bó ṣe ń ka ìyókù sínú. "Ta ló kọ èyí?" ló bi wá jẹ́jẹ́. "Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ta ló kọ èyí?" Èmi ni mo kọ́kọ́ gbóhùn àdúrà sókè, kí ariwo lè bo ìbéèrè rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Nígbà tí mo débi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, mo bá Támi lórí àtẹ̀gùn, ó jókòó ti àpò ìdalẹ̀nù dúdú méjì tí aṣọ rẹ̀ wà nínú wọn. "Ó ní mi ò kí ń ṣe ọmọ òun mọ́, Auntie. She's changed the lock. Somebody told her. Ta ló sọ fún un?" Ó wó lé mi láyà, ó sunkún títí aṣọ mi fi tutù. Ìyá rẹ̀ ti bi í léèrè bóyá ẹnikẹ́ni nínú ìjọ mọ̀ sí i, ó sì ti ní kò sí. "I didn't say your name, Auntie. I promised." Òun pa àṣírí mi mọ́ lójú ìyà. Èmi tú tirẹ̀, mo sì tún ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn pé kó pẹ̀lẹ́.

Bernice, ọ̀gá wa, kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà lọ bẹ́ẹ̀. Ó ní inú ilé wa ni àṣírí ọmọ náà ti jò, òun sì máa mọ ẹni tó ṣe é. Ethan, ọ̀dọ́kùnrin tó ń bójú tó àwọn ọmọ, ló fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun pe fóònù Támi lọ́sẹ̀ tó kọjá, pé ìyá rẹ̀ ló gbé e, òun sì gé e láìsọ nǹkan kan. Ó sọ òtítọ́ nítorí ó rò pé òtítọ́ kò lè pa òun lára. Bernice kọjú sí mi, nítorí tábìlì mi ló kọjú sí ti Ethan. Ó ní kí ni mo gbọ́. N kò gbọ́ nǹkan kan. Mo ní, "Mo gbọ́ tó dárúkọ Kettle Room kó tó gé e." Ethan wò mí. "Adùn, I didn't say that. Did I?" Ọmọ ọlọ́mọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì sí ẹnu ara rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, wọ́n ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Oṣù yẹn náà ni ìròyìn Pellgrove yẹ kó lọ. Mo kọ ọ́ pé òṣìṣẹ́ kan ṣe àṣìṣe lórí fóònù, pé a ti dá a dúró, pé irú rẹ̀ kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Ìtàn ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n ń béèrè ńkọ́? Ti Támi ni mo kọ. Mo kọ bí ìyá rẹ̀ ṣe lé e, bí a ṣe bá a wá yàrá, bó ṣe padà sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Mo tilẹ̀ kọ nípa òṣìṣẹ́ àgbà kan tó gbá a mọ́ra lórí àtẹ̀gùn bí ìyá. Èmi nìyẹn o, èmi aláìnítìjú! Obìnrin tó ń ka ìròyìn wa ní Pellgrove pè wá, ó ní òun sunkún nígbà tí òun kà á. Wọ́n ní àwọn á tì wá lẹ́yìn fún ọdún mẹ́ta sí i, àwọn sì máa mú àwọn àjọ mìíràn wá lọ́jọ́bọ̀ yìí kí wọ́n lè gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu ọmọ náà fúnra rẹ̀. Támi ní òun á sọ̀rọ̀ bí mo bá jókòó ti òun. "Sit with me, Auntie. Ìwọ ni mummy mi báyìí."

N kò tíì sọ èyí tó burú jù. Mo ní ìwé àdúrà yẹn bọ́ sọ́wọ́ Sister Alice. Irọ́ ni. Inú ìjẹ́wọ́ gan-an ni mo tún ti ń purọ́. Akọ̀wé ló máa ń pín ìwé, èmi sì ni akọ̀wé. Mo ti fi èékánná ya etí rẹ̀ díẹ̀ kí n lè dá a mọ̀. Mo fún gbogbo èèyàn ní tiwọn, mo dé ọ̀dọ̀ Alice, mo fi í sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, mo sì pa ìka rẹ̀ dé lé e. Mo fẹ́ kí ìyá mọ̀, kó fa ọmọ rẹ̀ kúrò ní Kettle Room, kí n lè máa gun àtẹ̀gùn mi láìwẹ̀yìn. Mo fẹ́ sọ pé n kò mọ̀ pé yóò lé e. Ṣùgbọ́n Támi ti sọ fún mi. "She'll kick me out." Etí mi méjèèjì ni mo fi gbọ́ ọ.

Kí ló dé tí n kò sọ̀rọ̀ láti ìgbà yẹn? Mò ń tan ara mi ni. Mò ń sọ pé bí Pellgrove bá gbọ́, wọ́n á kẹ̀yìn sí wa, ilẹ̀kùn á tì, níbo làwọn ọmọ á wá lọ? Àwọn ọmọ ni mo fi bojú, ara mi ni mò ń gbà sílẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, bí mo ṣe ń jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo rí Ethan tó ń kó ẹrù sínú ọkọ̀ ní ilé ìkẹ́rùsí kejì. Iṣẹ́ tó rí nìyẹn. Mo fẹ́ sá, ó ti rí mi. Ó bi mí bí Támi ṣe wà. Ó tún ní, "I think about it all the time. I must have said it, yeah? If you heard me." Mo jókòó sórí pèpéle ibẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì mi, ó sì lọ bá mi bu omi.

Lánàá, lọ́sàn-án gangan, mo sọ fún Támi. N kò dá ọ̀kan sí. Kò pariwo, kò bú mi. "So when I was crying on you, ìwọ ni?" Mo ní èmi ni. "And you let me." Ó dìde, ó lọ. Láàárọ̀ yìí Bernice kọ̀wé sórí fóònù mi: Támi wà lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Plumstead, ó ní òun ò ní wá sí Kettle Room mọ́ láé, kò sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, ọmọ náà kò tíì dárúkọ mi.

Ethan, o kò sọ nǹkan kan lórí fóònù yẹn. Ẹ̀yin Pellgrove, èmi ni mo ṣe é, Kettle Room kọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí tèmi pa ilé náà dé mọ́ àwọn ọmọ. Sister Alice, ọwọ́ mi ni ìwé yẹn ti wá. Plumstead ni ọmọ rẹ wà, pè é. Támi, mo ti kó kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì sínú àpòòwé fún Bernice, n kò ní gun àtẹ̀gùn yẹn mọ́. Mo tọrọ àforíjì. Bí o kò bá lè ṣe é, má ṣe é, ṣùgbọ́n jọ̀ọ́ padà síbẹ̀, ibẹ̀ ni tìrẹ. Ẹ̀yin ọmọ yòókù, ẹ fetí sí mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yìí. Bí àgbàlagbà kan bá gbá yín mọ́ra, tó ní òun á máa fi yín sínú àdúrà, ẹ má tijú rárá. Ẹ bi í pé níwájú ta ni.