Ìbọn Láàárín Bàtà

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ fọkàn sí mi díẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa sọ pé ebi ààwẹ̀ ló ń mú ìyá arúgbó lálàá. Ẹ sọ ọ́ bó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ọ tán ná.

Lọ́sàn-án Ẹtì, lẹ́yìn àdúrà àwa aláàwẹ̀, mo tẹ́ ẹní mi sínú ilé ìsìn yìí, mo ní kí n fẹ̀yìn lélẹ̀. Orin ìparí ṣì wà lẹ́nu mi tí oorun fi gbé mi lọ. Mo rí ọkùnrin aláṣọ funfun kan tó dúró tì mí. Kò wọ bàtà, bí àwa náà kì í ti í wọ bàtà wọ ibí. Ó ní, "Ìwọ obìnrin yìí, dìde, wá wò."

Ibi tó kọ́kọ́ mú mi dé jọ ọjà wa, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń nájà. Gbogbo ọkùnrin ibẹ̀ ló gbé ìbọn kọ́ èjìká, okùn ìbọn sì ti wọ inú ẹran ara wọn, kò ṣeé bọ́ mọ́. Ọ̀kan nínú wọn wà lẹ́bàá ẹ̀rọ omi, òùngbẹ ti bó o ní ètè. Bó bá ti sún mọ́ omi báyìí, omi á sá wọlẹ̀. Mo béèrè pé kí ló ṣe. Ẹni tó mú mi lọ ní, "Ìbọn ló máa ń gbé kọ́ èjìká lọ síbi tí àwọn obìnrin ti ń tò fún omi. Kò bá ẹnikẹ́ni jà rí. Wọ́n kàn máa ń yà fún un ni." Ẹnì kan ń ṣe bẹ́ẹ̀ nílùú yìí, ó sì mọ ara rẹ̀.

A rìn síwájú. Ẹnì kan ké pé "Olè!", ẹ̀yin ará, gbogbo wọn ló gbé ìbọn sójú, ta ni ọlọ́dẹ, ta ni ajínigbé, kò sẹ́ni tó mọ̀, ìbọn lọ́wọ́ eléyìí, ìbọn lọ́wọ́ tọ̀hún, wọ́n ń yìn ín, wọ́n ń ṣubú, wọ́n ń dìde, wọ́n tún ń yìn ín, ẹni tó yẹ kó gba ẹnìkejì sílẹ̀ ló ń pa á, mo dijú, mo fọwọ́ di etí, èéfín gba ọ̀fun mi, mo ń pe Jésù, mi ò gbọ́ ohùn ara mi. Nígbà tó rọlẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ló wà lẹ́nu gbogbo wọn: "Kò sí ọta níbẹ̀. Kò sí ọta níbẹ̀."

Ẹni tó mú mi lọ ní, "Irọ́ tí wọ́n pa láyé nìyẹn. Òun ni wọ́n ń jẹ níbí."

Bó ṣe mú mi kúrò níbẹ̀ ni atẹ́gùn tútù fẹ́ sí mi. A dé ẹnu ọ̀nà ilé ńlá kan. Bàtà kún ibẹ̀ bí ẹnu ọ̀nà tiwa lọ́jọ́ ìkórè. Mo yọjú wọlé, mo rí ìyá ẹlẹ́kọ wa tó ti ṣaláìsí. Ó na ẹsẹ̀ tó ń dùn ún láyé sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi. Kò sí ìbọn kankan lẹ́nu ọ̀nà yẹn, kò sì sẹ́ni tí ẹ̀rù ń bà.

Níbi tí inú mi ti ń dùn ni mo rí bàtà ọmọdé, pupa, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo. Òwú dúdú ni wọ́n fi rán okùn rẹ̀. Èmi ni mo rán an. Bàtà Mọ́rẹ́nikẹ́ ni, ọmọ Adéwálé ọmọ mi. Ẹ mọ̀ ọ́n, òun ló máa ń sáré lọ gbé bàtà àwa àgbà wá tí a bá ti ṣe oore-ọ̀fẹ́ ìparí ìsìn tán.

Mo ní, "Olúwa mi, ọmọ tó ni í dà?"

Ó ní, "Kò tíì dé."

"Ẹsẹ̀ kejì ńkọ́?"

"Ó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìsìn yín, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn bàbá rẹ̀."

Ẹ̀yin náà ẹ rántí. Láti ìgbà tí àwọn ajínigbé ti ń dà wá láàmú lọ́nà oko ni àwọn ọkùnrin wa ti ń gbé ìbọn wá sí ìsìn. A ní ìbọn ò gbọ́dọ̀ wọ ibi mímọ́, ni wọ́n bá ń fi í ti ògiri níta, láàárín bàtà. A bọ̀wọ̀ fún pẹpẹ, a gbàgbé àwọn ọmọ.

Mo jí, aṣọ mi ti rin gbingbin fún òógùn. Ilé Adéwálé ni mo gbà lọ tààrà. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ìbọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ní kó ṣí ìdí ìbọn náà kí n rí inú rẹ̀.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà, Màámi. Kò sí ọta níbẹ̀."

Mo ní, "Wálé, ṣí i."

Ó ṣí i. Ọta já bọ́, ó yí wá sídìí ẹsẹ̀ mi. Ọmọ mi wò ó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Òun ló jókòó sẹ́yìn lọ́hùn-ún yẹn, kò gbé ìbọn wá lónìí. Mi ò ní ká má ṣọ́ra. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ajínigbé kì í sì í ṣe àlá. Ṣùgbọ́n ìbọn ẹlòmíràn ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, kálukú á sì búra pé kò sí ọta nínú tòun. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, tí a bá ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán, kí ẹ̀yin tí ẹ ni ìbọn kọ́kọ́ jáde, kí ẹ ṣí wọn lójú gbogbo wa. Ẹ má rán ọmọ kankan lọ gbé bàtà.

Mọ́rẹ́nikẹ́, jókòó. Màmá á gbé bàtà ara rẹ̀ lónìí.