Ìkòkò Tìẹ Á Wà Lọ́tọ̀

Mo ń dúró de ẹja ní ọjà Rye Lane ní London nígbà tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá kan àti ìyàwó ọmọ rẹ̀ níwájú mi.

"Mummy, ẹ má bínú, ọkàn mi ò gbà kí n jẹ ẹran Iléyá tí Alhaja fún wa."

"Kí ló fẹ́ bí mi nínú? Èmi máa jẹ, màá sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Jésù. Tí o ò bá jẹ, Jésù náà lo ṣe é fún. Ìkòkò tìẹ á wà lọ́tọ̀."

Ìyá wá fi Òyìnbó sọ fún ẹlẹ́ja pé kó mú Titus tó tóbi jù wá, torí "my wife" kì í jẹ ẹran Iléyá.

Ẹnu ya ẹlẹ́ja, ó wo ìyá, ó wo ìyàwó. Ìyá gbérí sókè, ó tún un pè bí ẹni ń pe oyè: "My wife!"