Ọkọ̀ Tí Mo Fọwọ́ Mi Kàn Tí Mo Fẹ́ Sá Fún

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí ẹsẹ̀ mi gbé mi dé iwájú yín lónìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Agric, ní Ìkòròdú níbí, mọ̀ pé káfíńtà ni mí, bẹ́ẹ̀dì àti ilẹ̀kùn ni mò ń kàn. Ìkirun ni wọ́n ti bí mi. Odò tí mo mọ̀ nígbà èwe mi, ẹsẹ̀ la fi ń là á kọjá. Ẹ̀rù omi ń bà mí débi pé tí mo bá lọ kí àwọn àna mi ní Ẹ̀pẹ́, mi kì í jókòó sí ẹ̀yìnkùlé wọn, torí pé ọ̀sà ló kọjú sí.

Bàbá ìyàwó mi sì rèé, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń kàn. Wọ́n wo ọwọ́ mi, wọ́n ní ọwọ́ yìí ò gbọdọ̀ parí sórí bẹ́ẹ̀dì. Bí mo ṣe ń lọ kọ́ ọ ní Sátidé-Sátidé nìyẹn. Àwọn kékeré là ń kàn. Ìgbà tó di ọdún tó kọjá, ọkùnrin kan ní Ìbẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ọkọ̀ ńlá tí yóò máa kó èrò. Bàbá ní ojú àwọn ò ríran dáadáa mọ́, èmi ni kí n kàn án. Ọkàn mi ní, "Ìwọ ọmọ Ìkirun? Èèyàn lo fẹ́ pa." Mo fẹ́ kọ̀. Ìyàwó mi ò bá mi jiyàn. Ó kàn ń jí mi láàárọ̀, a jọ ń gbàdúrà, á wá ní, "Daddy Tólú, ẹ lọ kan pákó kan sí i." Pákó kan, pákó kan, ọkọ̀ parí.

Lọ́dọ̀ àwọn akànkọ̀ Ẹ̀pẹ́, ẹni tó kan ọkọ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ lórí omi. Tí kò bá lè wọ̀ ọ́, kò sẹ́ni tó máa gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Bàbá sì ti sọ fún mi tipẹ́ pé ọkọ̀ tuntun máa ń jò lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Pákó tó gbẹ máa mu omi, á wú, àlàfo á sì dí. Mo gbọ́. Àmọ́ ọ̀tọ̀ ni ohun tí etí gbọ́, ọ̀tọ̀ ni èyí tójú rí. Nígbà tí wọ́n tì í sómi, tí mo rí omi tó ń yọ láàárín pákó, mo sá sẹ́yìn. Mo ní kí wọ́n fà á padà sókè kí n tú gbogbo ẹ̀. Ẹni tó ni iṣẹ́ ti ń wojú mi.

Ibi tí mo ti ń sọ̀rọ̀, ìyàwó mi ti ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó ti wọnú ọkọ̀, omi ń kan ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní, "Mo rí yín nígbà tẹ́ ẹ̀ ń kàn án. Ẹ máa bọ̀."

Ẹ̀yin ará, àdúrà gígùn tán lẹ́nu mi. "Jésù, dì mí mú" ló kù. Mo wọlé. Bàbá tukọ̀ gbé wa kúrò ní èbúté, mo gbé igbá, mò ń gbọ́n omi. Mò ń gbọ́n, mò ń gbọ́n, àfi bí mo ṣe rí i pé ó ń dín kù. Nígbà tí oòrùn fi dé àtàrí, igbá mi ń họ pákó lásán. Mo bú sẹ́kún lójú àwọn apẹja, ojú ò sì tì mí.

Ọkọ̀ yẹn ń kó èrò ní Ìbẹ̀ṣẹ̀ lónìí. Wọ́n ti ní kí n kan méjì mìíràn, mo sì ti gbà, mi ò bi ọkàn mi léèrè.

Ògo ni fún Ọlọ́run tó gba ẹ̀rù lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ìgbà tí à ń padà bọ̀ wá sí Ìkòròdú ni obìnrin yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi pé òun náà ò mọ lúwẹ̀ẹ́. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ o. Mummy Tólú, dìde kí wọ́n rí ẹ. Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi yọ̀, kẹ́ ẹ sì bá mi yin Ẹni tó fi í fún mi.