Kẹ́tù Tí Àfúsátù So Òwú Dúdú Mọ́

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tó fún wa ní ẹnu tí a fi ń kìlọ̀, tí yóò sì tún bi wá léèrè ọ̀rọ̀ tí a gbé mì. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa àti àwọn ará ilé rẹ̀. Jàmáà, ẹ sún síwájú. Ẹ̀yin tí ẹ fara ti ògiri yẹn, mo rí yín o, kì í ṣe oorun la wá sùn.

Ẹ̀kọ́ tòní ò pọ̀. Ẹni tó bá gbé ohun tó lè pa ọmọnìkejì rẹ̀ lára sílẹ̀, dandan ni kó fi àmì tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí i lára. Tí gbogbo èèyàn mọ̀, mo ní! Kì í ṣe èyí tí ìwọ nìkan mọ̀. Ohun tí kì í sì í jẹ́ kéèyàn ṣe dandan yìí, hásàdì ni, ìlara. Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín? Ẹ dúró ná, ẹ jẹ́ kí n dé ibi tí mo ń lọ.

Obìnrin méjì kan wà ní Abẹ́òkúta, iṣẹ́ aró ni wọ́n ń ṣe. Mo ti pa orúkọ wọn dà, ẹ má wulẹ̀ máa wojú ara yín. Ká pe èyí tó dàgbà jù ní Àfúsátù, ká pe èyí tó kéré ní Múlíkátù. Ọgbà wọn dojú kọra. Ṣé ẹ mọ̀ pé aró ayé òde òní, kọ́sítíìkì ló ń bá wọn gbé e wọnú aṣọ? Tí wọ́n bá ti pò ó mọ́ omi, ó máa ń mọ́ gaara, ẹ ò ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí omi kànga. Àmọ́ tó bá kan ara, ńṣe ni ara ń bó.

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń tọ́jú nǹkan burúkú yìí? Bó ṣe wu oníkálukú! Ní ọgbà kan, wọ́n so àkísà pupa mọ́ ọn. Ní ọgbà kejì, aró pupa ni àkísà pupa wà fún. Ẹlòmíì fi èédú fa ìlà. Ẹlòmíì ò fi nǹkan kan sí i, ó ní èyí tó wà lẹ́bàá ògiri ni. Àwọn alágbàṣe sì rèé, wọ́n ń ti ọgbà kan bọ́ sí òmíràn. Ó pẹ́ ni, ó yá ni, ọ̀kan nínú wọn fi kọ́sítíìkì ṣan ẹsẹ̀, ó rò pé omi lásán ni. Ẹgbẹ́ aláró bá pe ìpàdé.

Níbẹ̀ ni Múlíkátù ti dìde. Ó ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ jẹ́ kí àmì wa jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo ní gbogbo ọgbà. Ká fi ọ̀dà yẹ́lò yí kẹ́ẹ̀gì ká, ká ya àwòrán ọwọ́ tó ń bó sí i. Ẹni tí ò mọ̀wé náà á mọ̀ ọ́n. Ká má sì rọ kọ́sítíìkì sínú ìgò omi tàbí kẹ́tù mọ́ láé." Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Olórí ẹgbẹ́ gbá a mọ́ra.

Àfúsátù bẹ̀rẹ̀ sí í kùn sínú. "Múlíkátù? Ọmọ àná yìí? Èmi tí mo ti ń tọwọ́ bọ ìkòkò aró kí ìyá rẹ̀ tó lọ́kọ!" Ẹ gbọ́ o, kò ní àmì yẹn ò dáa. Pé ó dáa gan-an ló ń dùn ún. Ó mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé ó yẹ kí òun ti ronú kàn án láti ọjọ́ pípẹ́, òun ò ronú kàn án.

Ó délé, ọkọ rẹ̀ ń jẹ ẹ̀bà lọ́wọ́. Bàbá yẹn ò mọ̀ pé òun ń da epo sínú iná. Ó ní, "Wọ́n ní Múlíkátù sọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n lónìí. Obìnrin yẹn mà lọ́pọlọ o." Ẹ̀yin ọkùnrin, kí ló kàn yín níbẹ̀? Àfúsátù gbé ọbẹ̀ kúrò níwájú rẹ̀. "Ó lọ́pọlọ? Ó dáa, kó wá máa sebẹ̀ fún yín."

Wọ́n kun ọ̀dà káàkiri, ó ku ọgbà Àfúsátù. Kẹ́ẹ̀gì tó ń lò tẹ́lẹ̀ sì ti lu. Ẹgbẹ́ fi kẹ́ẹ̀gì ọlọ́dà yẹ́lò ránṣẹ́ sí i, ó fẹsẹ̀ tì í sẹ́yìn ilé. "Èmi kọ́ ni màá gbé iṣẹ́ ọwọ́ Múlíkátù sínú àgbàlá mi." Kí ló wá ṣe? Ó rọ omi kọ́sítíìkì sínú kẹ́tù àlùwàlá kan tó ti gbó, ó so òwú dúdú mọ́ etí rẹ̀, ó gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Òwú dúdú ni àmì tirẹ̀, òun nìkan ló mọ ohun tó ń sọ. Kẹ́tù àlùwàlá, ẹ̀yin èèyàn! Nínú ilé Mùsùlùmí! Àsítágàfúrúláì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Múlíkátù wọlé tọ̀ ọ́, ó gbé agolo ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì dání. Ó kúnlẹ̀. "Ẹ káàsán o, ẹ̀gbọ́n mi. Tí mo bá ṣẹ̀ yín, ẹ forí jì mí. Ẹ jẹ́ kí n bá yín kun tiyín."

Àfúsátù ò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn. "Mo ní àmì tèmi. Ẹni tó bá ń bá mi ṣiṣẹ́ á kọ́ ọ."

"Tí ẹni tí kì í bá yín ṣiṣẹ́ bá wọlé ńkọ́, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Kí ló fẹ́ wá ṣe?"

Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ládàánì pe ìrun Alásárì. Múlíkátù ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣe àlùwàlá níbí, kí n lè bá wọn kí i." Àfúsátù ní kò burú, ó kọjú sí ìkòkò aró rẹ̀. Múlíkátù wò yí ká, ó rí kẹ́tù lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó mì ín, omi wà nínú rẹ̀. Ó gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà.

Àfúsátù gbójú sókè. Ó rí i. Ó rí òwú dúdú lára kẹ́tù. Jàmáà, báwo ló ṣe ń pẹ́ tó kéèyàn tó pariwo "Gbé e sílẹ̀"? Mo ti sọ ọ́ tán yìí! Àmọ́ nǹkan kan di ahọ́n rẹ̀ mú. Nǹkan yẹn ń sọ fún un nínú pé, "Ṣebí òun ló mọ àmì? Kó mọ èyí náà."

Múlíkátù ní bísímílà, ó da á sọ́wọ́. Ó rí i pé ó ń yọ̀ bí omi ọṣẹ. Ó ti bu ú sí àtẹ́lẹwọ́, ó ń gbé e lọ sẹ́nu, kí ahọ́n Àfúsátù tó tú. "Dà á nù! Kọ́sítíìkì ni!" Múlíkátù ju ọwọ́ sókè, omi náà ta sí i lójú ọ̀tún.

Wọ́n da omi lé e lórí títí wọ́n fi gbé e dé ọsibítù. Ojú ọ̀tún lọ. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì bó. Àwọn kan fẹ́ bá Àfúsátù wí nítorí kẹ́tù, Múlíkátù ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, pé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ ló lu. Ni gbogbo àdúgbò bá bẹ̀rẹ̀: "Ọpẹ́lọpẹ́ Àfúsátù! Tí kò bá pariwo ni, ọ̀nà ọ̀fun obìnrin yẹn ni ì bá jó!" Ìyìn tí Àfúsátù ti ń wá láti ọjọ́ yìí dé. Kò lè jẹun, kò lè sùn.

Nígbà tí ara Múlíkátù yá díẹ̀, ó wá sí ìpàdé pẹ̀lú ojú tí wọ́n fi aṣọ dì. Ó ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Àmì yẹn, ẹ jẹ́ ká máa pè é ní àmì Ìyá Àfúsátù. Ohùn wọn ló jẹ́ kí n ṣì máa rí yín."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Àfúsátù dìde, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú wọn, ó ní, "Ẹ má fi orúkọ mi pè é. Mo rí i nígbà tó gbé kẹ́tù. Mo mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Mò ń jowú rẹ̀, mo bá panu mọ́."

Múlíkátù ò bú u. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, èmi náà rí yín. Mo wo òwú dúdú yẹn, ọkàn mi ò balẹ̀. Mo bá gbójú sókè, ojú wa sì ṣe mẹ́rin. Ẹ ò sọ nǹkan kan. Mo ní tí ewu bá wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi á sọ."

Ẹ jẹ́ kí n mumi díẹ̀.

Ìwọ tó rọ omi bátìrì sínú ìgò omi mímu, ìwọ ni mò ń bá wí. Ìwọ tó rọ oògùn eku sínú agolo wàrà, tó o ní gbogbo ilé mọ̀ ọ́n, ṣé àlejò mọ̀ ọ́n? Àmì tí a ń kùn sára nǹkan, ẹnu wa ni, tí yóò máa bá wa sọ̀rọ̀ nígbà tí a ò sí nílé. Àfúsátù wà nílé o! Ó tọrọ àforíjì, Múlíkátù sì forí jì í. Àfúsátù fúnra rẹ̀ ló ní kí n máa sọ ọ́ fún yín. Ojú yẹn ò padà.

Ọlọ́hun Ọba, yọ ìlara kúrò lọ́kàn wa kó tó di wá lẹ́nu. Má ṣe jẹ́ kí ire ọmọnìkejì wa di àrùn sí wa lára. Fi ọ̀nà tó tọ́ mọ̀ wá nínú iṣẹ́ ọwọ́ wa. Lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá sì gbójú sókè wò wá, jẹ́ kó bá ọ̀rọ̀ lẹ́nu wa. Àmín.