Ohun Tí Mo Kọ Sínú Fọ́ọ̀mù Ìbùkún

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi pariwo Halelúyà kan tí wọ́n máa gbọ́ dé ìlú Okotoks! Halelúyà! Olúwa ló ni ògo, èmi ni mo ni ìtìjú. Ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́, torí ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀, inú sì ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́. Kì í ṣe ẹ̀yin ni mò ń bínú sí.

Ẹ ó rántí pé lọ́dún méjì sẹ́yìn, ibí yìí náà ni mo dúró sí, tí mo ní Ọlọ́run ti wo Ìbùkún ọmọ mi sàn kúrò nínú ikọ́ fée, asthma tí wọ́n ń pè é. Oṣù mẹ́fà ni kò fi húkọ́. Ẹ bá mi jó, ẹ bá mi yọ̀. Mo délé, mo ju puffer rẹ̀, oògùn tó ń fà sẹ́nu kó lè mí, sí ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ, mo sì ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pe orúkọ àìsàn yẹn nínú ilé mi mọ́.

Ní September tó kọjá, Ìbùkún, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ní òun fẹ́ ṣe Scouts. Bàbá rẹ̀ ní kò burú. Èmi rò pé wọ́n á kàn wọ aṣọ, wọ́n á tò, wọ́n á kọrin. Mi ò mọ̀ pé èmi gan-an ni mo máa ṣe Scouts! Odidi oṣù kan ni wọ́n fi ń sin ìlú. Sátidé àkọ́kọ́, à ń kanlẹ̀kùn láti ilé dé ilé, à ń gba oúnjẹ agolo fún àwọn tí kò ní. Sátidé kejì, à ń ṣa ike àti bébà ní páàkì. Sátidé kẹta, à ń gbá ewé nílé àwọn arúgbó ní àdúgbò Castleridge. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ wákàtí méjìlá dé! Mo dì mọ́ réèkì tí wọ́n fi ń kó ewé jọ, mò ń bi Ọlọ́run pé ṣé torí kí n lè máa gbálẹ̀ fún ẹni ẹlẹ́ni ni mo ṣe gba PR, ìwé ìgbélùú. Wọ́n tún ní ìparí oṣù, wọ́n máa lọ pàgọ́ ní ìgbèríko lẹ́yìn Okotoks, nínú òtútù. Kí ni ilé ṣe wọ́n?

Obìnrin tó ń darí wọn ń jẹ́ Donna. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ohùn rẹ̀ tutù, ìbéèrè kì í sì í tán lẹ́nu rẹ̀. Ó fún wa ní fọ́ọ̀mù ìlera. Níbi tí wọ́n ti bèèrè bóyá ọmọ ní àìsàn kankan, mo kọ "None". Daddy Ìbùkún yọjú wò ó láti ẹ̀yìn mi, ó ní, "Mummy Ìbùkún, asthma ńkọ́?" Mo ní kó má fi ẹnu ara ẹ̀ pe ohun tí Ọlọ́run ti lé lọ padà. Ó padà lọ jókòó. Ọkọ mi fẹ́ràn àlàáfíà.

Ẹ tún wò ó o, nọ́ọ̀sì ni mí! Ojoojúmọ́ ni mò ń dúró síwájú aláìsàn, tí mò ń bi wọ́n pé àìsàn wo lẹ ní, oògùn wo lẹ̀ ń lò. Tí wọ́n bá purọ́ fún mi, inú á bí mi. Ọ̀rọ̀ ara mi sú mi.

Donna pè mí, ó ní ṣé ohun tí mo kọ dá mi lójú. Mo ní ó dá mi lójú. Lọ́jọ́ tá a ń gbá ewé, ewé yẹn ti rin, ó ti ń jẹrà, Ìbùkún bẹ̀rẹ̀ sí húkọ́. Donna tún wá bá mi. Mo ní ọ̀fìnkìn ni. Ó ku ọ̀la kí wọ́n lọ, ó tún fi message ránṣẹ́. Mo sọ fún ọkọ mi pé obìnrin yìí ń wá àìsàn sí ọmọ mi lára, mo sì gbàdúrà kí Ọlọ́run gbá ọwọ́ ẹ̀ dànù. Ṣé ẹ gbọ́ àdúrà tí mo gbà sí ẹni tí Ọlọ́run rán sí mi?

Wọ́n lọ ní Friday. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Donna pè. Mo wo fóònù títí ó fi dákẹ́.

Ní àárọ̀ Sátidé, mo wà lẹ́nu iṣẹ́, ó tún pè. Díẹ̀ ló kù kí n má gbé e. Ó ní kí n fara balẹ̀. Ó ní igi tútù ni wọ́n fi dáná oúnjẹ àárọ̀, èéfín dà bo àwọn ọmọ nínú òtútù, Ìbùkún ò sì lè mí dáadáa. Ó ní òun ti fún un ní puffer, ambulance sì ń bọ̀.

Mo ní, "Puffer wo?"

Ó ní, "The one she gave me."

Ẹ̀yin ará, mo wakọ̀ lọ sí ọsibítù tí wọ́n gbé e lọ, mi ò lè gbàdúrà. Èmi tí mò ń ṣáájú àdúrà níbí! "Jésù" nìkan ló ń jáde lẹ́nu mi. Mo débẹ̀, mo bá ọmọ mi pẹ̀lú oxygen ní imú, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Ó rí mi, ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Dókítà ní ewu ti ń kọjá. Ó ní ọpẹ́ ni pé obìnrin yẹn mọ ohun tó ń ṣe é lójú ẹsẹ̀. Ó ní ká ní wọ́n rò pé òtútù tàbí ẹ̀rù ni, tí wọ́n kàn fi aṣọ bò ó, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Ó wá bi mí pé kí ló dé tí kò sí nínú fọ́ọ̀mù. Mo jáde síta.

Donna ló ṣàlàyé fún mi ní ìta, èéfín ṣì ń rùn lára kóòtù rẹ̀. Ó ní bí wọ́n ṣe sọ̀kalẹ̀ ní Friday ni Ìbùkún fa òun lọ́wọ́ aṣọ, ó yọ puffer tí mo jù sísàlẹ̀ àpótí aṣọ jáde nínú ìbọ̀sẹ̀, ó ní, "My mom says I don't have it anymore. But I do." Ọjọ́ tí wọ́n kọ sára puffer náà ti kọjá, ló fi pè mí nírọ̀lẹ́ yẹn. Nígbà tí mi ò gbé e, ó fi puffer sápò, kò sì jẹ́ kí Ìbùkún kúrò níwájú òun. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí o. Ojú ni obìnrin yìí fi ṣọ́ ọmọ mi.

Ẹ ṣeun, Jésù. Ẹ ṣeun, Bàbá.

Ikọ́ yẹn ti padà, èmi ni mi ò mọ̀. Láti ọdún tó kọjá ló ti ń húkọ́ sínú pílò kí n má baà gbọ́. Nígbà tí wọ́n yọ nǹkan imú rẹ̀, ó wò mí, ó ní, "Mommy, is God mad at me because I told?"

Mo ti sunkún nínú ayé mi. Mi ò sunkún bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tá a padà sílé, Donna mú fọ́ọ̀mù tuntun wá. Kò bú mi. Ì bá bú mi, ì bá sàn. Mo kọ asthma síbẹ̀ gàdàgbà, mo kọ orúkọ oògùn tuntun sí i. Lẹ́yìn náà ni mo lọ bá Pastor, mo ní mo fẹ́ tún ẹ̀rí mi ṣe, ẹ̀rù sì ń bà mí. Pastor ní, "Sister, ibi tẹ́ ẹ ti sọ tàkọ́kọ́ náà lẹ máa ti sọ èyí."

Òun ni mo ṣe wà níbí. Tí ẹnì kan bá ń fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru pamọ́ torí pé ó ti jẹ́rìí, kó lọ gbé e mu. Tí ọmọ yín bá ní ara ń ro òun, ẹ má bá a wí, ẹ gbọ́ ọ. Ọlọ́run ò nílò kí n bá òun purọ́. Ó gbà mí lọ́wọ́ ara mi, ó lo obìnrin tí mò ń gbàdúrà lòdì sí, ó lo puffer tí mo pa tì. Ẹ bá mi dúpẹ́!

Ìbùkún, dìde dúró, jẹ́ kí wọ́n rí ẹ. Ọmọ mi ní asthma. Mo tún un sọ, ọmọ mi ní asthma, ó sì wà láàyè. Ìbùkún, Ọlọ́run ò bínú sí ẹ. Nínú àwa méjèèjì, ìwọ lo kọ́kọ́ jẹ́rìí òtítọ́.