Ẹní Ìkírun Aláwọ̀ Méjì

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí kì í bá ẹnikẹ́ni pín ìjọsìn. Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣekárími ni mo fẹ́ bá wí lónìí. Ìbádà tí a bá ṣe torí kí aráyé lè rí wa, kò ní láádá kankan.

Ẹ gbọ́ ìtàn Góhárì. Opó ni, ará Bàlúṣì, àwọn darandaran tó ń gbé inú àgọ́ nílẹ̀ Páṣíà. Àwọn obìnrin wọn ló ń hun ẹní ìkírun. Ẹ̀yin ìyá wa tẹ́ ẹ mọ òfì, òfì tiwọn kì í nàró o. Ilẹ̀ ni wọ́n ń nà án sí, èèkàn mẹ́rin ni wọ́n fi ń dè é. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣí, wọ́n á fa èèkàn tu, wọ́n á ká ẹní tí wọn ò tíì hun tán, ó di ẹ̀yìn ràkúnmí.

Góhárì ń hun ẹní tiẹ̀. Irun ara ràkúnmí kan ṣoṣo tó ní ló fi ń hun ún, àwọ̀ yanrìn, kò rẹ ẹ́ láró. Ó hun àwòrán igi eléwé sí i. Ó ku òkè, ibi tí iwájú orí ń kàn. Ni Ṣàdádì, baálẹ̀ àgọ́, bá rí i, ó ní òun ni yóò máa lò ó, kó sì hun orúkọ òun gàdàgbà sókè níbẹ̀.

Orúkọ ta? Níbo? Níbi ìforíkanlẹ̀! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ orúkọ yín sára ògiri mọ́ṣáláṣí, ẹ má wolẹ̀ o, èmi ni kẹ́ ẹ wò.

Góhárì kọ̀. Ṣàdádì ní kó fi ràkúnmí sílẹ̀, kó kúrò nínú àgọ́. Àwọn obìnrin ń bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣáà hun ún, ṣebí orúkọ lásán ni. Góhárì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa èèkàn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tu.

Ó ní, “Baálẹ̀, ẹ gba ràkúnmí. Ibi tí orí mi ń kàn, ti Ọlọ́hun ni.”

Ó ru òfì, ó wọ aṣálẹ̀. Nígbà tó dé àgọ́ mìíràn, irun àgùntàn dúdú ni wọ́n fi ta á lọ́rẹ, òun ló fi parí ẹní. Ìsàlẹ̀ pọ́n bíi yanrìn, òkè dúdú.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, ọ̀dá lé Ṣàdádì débẹ̀, kò ní nǹkan kan lọ́wọ́. Àsìkò ìrun Alásárì tó, Góhárì tẹ́ ẹní rẹ̀ fún un. Ṣàdádì béèrè ìdí tí àwọ̀ rẹ̀ fi yí padà.

Góhárì ní, “Ibi tí mo hun ún dé tẹ́ ẹ fi lé mi nìyẹn.”

Ṣàdádì bẹ̀rẹ̀ ìrun. Lẹ́yìn náà ló forí kanlẹ̀ sórí dúdú yẹn, níbi tí orúkọ rẹ̀ ì bá wà, omi ojú rẹ̀ sì rin irun àgùntàn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹnikẹ́ni tó bá ní kẹ́ ẹ fi òun síbi tó jẹ́ ti Ọlọ́hun, ẹ fa èèkàn yín tu. Ọlọ́hun má jẹ̀ẹ́ ká forí kanlẹ̀ fún orúkọ èèyàn. Kó fi ọ̀nà mọ̀ wá, kó sì fún wa lẹ́sẹ̀ tí a ó fi tọ̀ ọ́. Àmín.