Háráfù Kan Ṣoṣo Tí Sùrájù Mọ̀

Òní ni Sùrájù yóò jẹ́wọ́. Kì í ṣe pé ó wù ú o, ẹ má jẹ́ kí n tàn yín. Bó bá jẹ́ tirẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ náà ìbá bá a wọ sàréè. Ṣùgbọ́n ọmọ Gift wà lórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, ara ọmọ náà gbóná bí ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí ààrò, gbogbo èèyàn sì ń wo Sùrájù lójú pé kó kọ hàntú sí wàláà, kó fọ̀ ọ́ fún un mu. Bó bá kọ ọ́, ọmọ yẹn lè kú. Bí kò bá kọ ọ́, wọn á bi í pé kí ló dé. Kí-ló-dé yẹn gan-an ló ti ń sá fún láti ọjọ́ tó ti dé Abereke létí òkun.

Ìdùnnú sì ló kó wọn jọ láàárọ̀ yẹn. Jọọlá, obìnrin tó ń yan ẹja, tí ilé rẹ̀ kọjú sí òkun, ti se púpúrú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ wa, sílẹ̀ fún àlejò, ó ti ra fìlà funfun tuntun, ó ní òun fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Àáfà Sùrájù lójú gbogbo ayé. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Ìtẹ́olúwakìṣí, tí gbogbo wa ń pè ní Ìtẹ́, adití ni. Ilé-ìwé kò gbà á, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò bá a ṣeré. Ọ̀dọ̀ Sùrájù ló máa ń lọ jókòó, tí yóò máa wò ó bó ṣe ń fi kálàmù kọ wàláà. Sùrájù wá kọ́ ọ ní háráfù kan, èyí tí wọ́n ń pè ní bá. Ọmọ tí kò gbọ́rọ̀, tí kò sọ̀rọ̀, ló gbé wàláà dé ilé lọ́jọ́ kan, tó jókòó síwájú ìyá rẹ̀, tó kọ bá sí i lára gbọnrangandan. Ariwo ayọ̀ tí Jọọlá pa lọ́jọ́ náà, àwọn ará ìsàlẹ̀ sáré wá, wọ́n ṣebí òkun ti tún gbé ilé ẹnìkan lọ ni.

Ẹ̀yin tí ẹ kò bá mọ bá, ó rí bí ọkọ̀ òfìfo, pẹ̀lú àmì kóńkó kan lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí Sùrájù kọ́kọ́ fi í han Ìtẹ́, ọmọ náà fa ọkọ̀ yẹn dáadáa, ṣùgbọ́n inú ọkọ̀ ló fi àmì náà sí. Sùrájù nù ún, ó fi í sí ìsàlẹ̀. Ìtẹ́ mi orí, ó nù ún, ó dá a padà sínú ọkọ̀. Ó nawọ́ sí àwọn apẹja tó ń bọ̀ láti ojú òkun, inú ọkọ̀ kúkú ni èèyàn ń jókòó sí. Ó wá nawọ́ sí abẹ́ ọkọ̀, ó di imú, ó ranjú, ó dẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹni tó bá wà lábẹ́ ọkọ̀, òkú ni. Ta ni ọmọ Abereke tí kò mọ ìyẹn? Kálàmù bọ́ lọ́wọ́ Sùrájù. Ẹ̀rù bà á débi pé kò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà, torí ó mọ ẹni tó ti ọmọ yẹn sábẹ́ ọkọ̀.

Wọ́n ti fẹ́ gbé fìlà lé e lórí nígbà tí Gift, àbúrò Jọọlá, gbé ọmọ rẹ̀ gba orí afárá pátákó dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ọlálẹ́yẹ tó ń wa ọkọ̀ ẹ́ńjìnì ti wà létí omi, tó ń dúró de Gift kó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Igbókọ̀dá. Gift kàn ní kóun kọ́kọ́ wá sọ fún ẹ̀gbọ́n òun ni.

"Igbókọ̀dá kẹ̀?" ni Jọọlá wí. "Kí lo fẹ́ lọ ṣe ní Igbókọ̀dá nígbà tí Àáfà wà níbí? Ẹni tó gba Ìtẹ́ lọ́wọ́ ikú fún mi ló jókòó yìí!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọrùn rẹ̀ ti le o. Kò lè tẹ̀ ẹ́ síwájú."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Ìtẹ́ ṣe le. Jókòó jẹ́ẹ́. Àáfà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kọ ọ́ kíá."

Ó sì gbé wàláà lé Sùrájù lọ́wọ́. Nígbà tí Sùrájù gbọ́ pé ọrùn ọmọ ti le, ó rántí ti Ìtẹ́. Ó wo ọmọ náà, ojú rẹ̀ ti ń yí sókè. Ó wo Ìtẹ́, tí ń rẹ́rìn-ín sí i. Ó fẹ́ dìde kó sá. Ibo ló fẹ́ sá sí? Omi ló yí Abereke ká.

"Ẹ gbé ọmọ náà sínú ọkọ̀," ló wí.

"Kí lẹ wí, Àáfà?"

"Mo ní ẹ gbé e lọ sí Igbókọ̀dá. Ẹ má dúró."

Ojú Jọọlá dà rú. "Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi nígbà yẹn pé ọmọ tó bá ti mu hàntú kò gbọdọ̀ kọjá omi, pé iṣẹ́ á bàjẹ́."

"Kò sí iṣẹ́ kankan, Ìyá Ìtẹ́. N kò mọ kéwú."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọlálẹ́yẹ tó ti gòkè wá wo ohun tó dá Gift dúró ló rẹ́rìn-ín jù. "Àáfà, ẹ má bá wa ṣàwàdà o. Ẹ̀yin ọmọ Ìwó!"

Wàhálà ibẹ̀ gan-an nìyẹn. Ẹ sọ fún ará etíkun pé èèyàn wá láti Ìwó, kò tún ní bi yín léèrè ohun mìíràn. Wọ́n gbà pé inú oyún ni ọmọ Ìwó ti ń kéwú bọ̀ wáyé.

Sùrájù fi orúnkún rẹ̀ kanlẹ̀, ó sì la ẹnu. "Ọmọ Ìwó ni mí lóòótọ́, èyí tó sá kúrò nílé kéwú. Wọ́n kọ́ mi ní álífù, n kò rí i bí nǹkan, ọ̀pá lásán ni. Wọ́n kọ́ mi ní bá. Ọjọ́ tí mo kọ bá sára wàláà dáadáa ni wọ́n nà mí nítorí nǹkan mìíràn, mo sì sá lọ. N kò padà. N kò lọ ilé-ìwé òyìnbó pẹ̀lú. Àwọn tó ń gbẹ́ odò yìí ni mo bá wá gẹ́gẹ́ bí lébírà. Iṣẹ́ dá dúró, ọ̀gá wa sá, ebi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí kú. Gbogbo aṣọ mi tutù lọ́jọ́ yẹn, jàlàbíà tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi nìkan ló gbẹ, òun ni mo wọ̀ jáde. Màmá kan rí mi, ó ní, 'Àáfà, ẹ ṣàdúà fún mi.' Ó gbé oúnjẹ síwájú mi. Mo ní bí mo bá jẹun tán, màá sọ fún un pé n kì í ṣe àáfà. Mo jẹ ẹ́ tán, n kò sọ. Ọjọ́ kejì, ó mú ẹlòmíràn wá.

"Gbogbo hàntú tí mo ti kọ fún yín, bá ni. Bá láti òkè wàláà dé ìsàlẹ̀, n kò mọ òmíràn. Mo máa ń fi omi fọ̀ ọ́ sínú igbá, ẹ̀yin a mu ún, ẹ̀yin a dúpẹ́. Ara ẹlòmíràn á yá fúnra rẹ̀, ẹ̀yin a ní èmi ni. Gbogbo ìgbà tí àjèjì bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, àyà mi á já, màá ní àáfà gidi ló dé yìí, yóò wo wàláà mi, yóò bú sẹ́rìn-ín."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

"Nígbà tí Ìtẹ́ ń ṣàìsàn," ló wí, "Ọlálẹ́yẹ ti fa ẹ́ńjìnì. Ẹ ti gbé ọmọ lé èjìká, ẹ ti ń lọ. Mo dí yín lọ́nà. Nọ́ọ̀sì kan ní Igbókọ̀dá ti bi aláìsàn mi kan léèrè lọ́sẹ̀ tó ṣáájú pé ta ló ń fún un lómi dúdú mu. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo ní bí wọ́n bá wo Ìtẹ́ sàn lọ́hùn-ún, àṣírí mi tú. Ni mo bá ní ọmọ kò gbọdọ̀ kọjá omi títí ara rẹ̀ á fi tutù. Ní Abereke! Níbi tí kò sí ọ̀nà kan tí kì í ṣe omi! Mo mọ ohun tí mò ń ṣe."

Ọlálẹ́yẹ ká ọwọ́ lérí. "Mo ti fa ẹ́ńjìnì!" ló ń pariwo. "Ẹ bá mi gbọ́ o! Èmi fúnra mi ti fa ẹ́ńjìnì lọ́jọ́ yẹn!"

Gift kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó ti gbá ọmọ mọ́ àyà, ó ń sáré lórí pátákó, Ọlálẹ́yẹ sì sáré tẹ̀ lé e. Kò pẹ́ tí ẹ́ńjìnì fi dún, ọkọ̀ náà sì forí lé ọ̀nà Igbókọ̀dá.

Wàyí o, Sùrájù lè dákẹ́ síbẹ̀. Ọmọ ti wọ ọkọ̀, ohun tó tìtorí rẹ̀ la ẹnu ti bọ́ sí i. Ẹ bá mi wo ọkàn ọmọ aráyé, ó ti ń rò ó nínú ara rẹ̀ pé bóyá eléyìí tó. Jọọlá ni kò jẹ́. Obìnrin náà ń sunkún, ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún à máa ríran, ẹ̀bi ara rẹ̀ ló sì ń rí.

"Ẹ má gba gbogbo rẹ̀ rù, Àáfà," ló wí. "Etí Ìtẹ́ tó di, èmi ni mo fà á. Èmi ni mo gbé e kọjá afárá lọ wẹ̀. Ẹ sọ fún mi nígbà yẹn pé ohun tó fà á nìyẹn. Láti ọjọ́ náà n kò jẹ́ kó kọjá omi mọ́."

Háà! Sùrájù dojú bolẹ̀, ó fi iwájú orí gbá pátákó. Èyí tó burú jù nìyí, òun ló sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn ín.

"Irọ́ ni mo pa! Nígbà tí ibà lọ, tí ẹ pè é tí kò dáhùn, ẹ sáré tọ̀ mí wá. Mo rí i lójú yín pé ẹ fẹ́ bi mí léèrè. Mo yára bi yín ṣáájú. Mo ní, 'Ṣé ẹ kò gbé e kọjá omi?' Ẹ ní afárá nìkan ni. Mo ní, 'Ìyẹn náà ni. Ẹ ti ba iṣẹ́ jẹ́.' Ẹ kúnlẹ̀, ẹ bẹ̀ mí. Mo jẹ́ kí ẹ bẹ̀ mí! Ìyá Ìtẹ́, ẹ kò ṣe nǹkan kan. Èmi ni. Ẹ foríjì mí."

Jọọlá yí ẹ̀yìn sí i, ó kọjú sí òkun. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, púpúrú tutù sínú àwo. Sùrájù kò dìde nílẹ̀, ó ń retí ẹni tí yóò kọ́kọ́ gbá a ní nǹkan. Ìtẹ́ ń wo gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò mọ ohun tó bà wọ́n nínú jẹ́. Ó rí fìlà funfun tí wọ́n gbàgbé sórí àga, ó mọ̀ pé ti Sùrájù ni, ó mú un, ó sì rọra fi dé e lórí níbi tó dojú bolẹ̀ sí. Ẹ̀rù fìlà yẹn ba Sùrájù ju ẹ̀rù igi tí wọn ì bá fi nà án lọ.

Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, Ọlálẹ́yẹ pè lórí fóònù. Wọ́n ti fa omi sí ọmọ Gift lára. Ó ti ń sunkún, dókítà ní bó ti ń sunkún yẹn dára. Jọọlá gbọ́ ọ tán, ó nu ojú, ó wá kọjú sí Sùrájù.

"Gbogbo wa ti gbọ́ ọ," ló wí. "Ẹni tí o ṣẹ̀ kò gbọ́."

"O" ló pè é. Obìnrin tí kò fi ẹnu rẹ̀ pè é ní nǹkan mìíràn ju "ẹ" lọ rí.

"Ọkọ̀ àárọ̀ ọ̀la lèmi àti ọmọ mi ń bá lọ. Wọ́n ní ibì kan wà tí wọ́n ti ń kọ́ irú rẹ̀ níwèé, ẹ̀rù omi ni kò jẹ́ kí n gbé e lọ. Ìwọ náà, lọ kọ́ ìwé. Ọjọ́ tí ọmọ mi bá mọ̀wé kà, wàá fi ọwọ́ ara rẹ kọ ohun tí o ṣe fún un, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wàá gbé e fún un, wàá dúró níwájú rẹ̀ títí á fi kà á tán. Títí dìgbà náà, má bẹ̀ mí mọ́. Etí mi kọ́ ló di."

Sùrájù dìde jókòó, fìlà ṣì wà lórí rẹ̀. Ìtẹ́ rí i pé ó ti dìde, inú rẹ̀ dùn. Ó sáré mú wàláà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu bá kúrò lára rẹ̀, ó ti mọ ìyẹn tán, òmíràn ló ń fẹ́. Ó ki kálàmù bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó fi ìka lu ojú wàláà, ó ń wò ó lẹ́nu, ó ń dúró.

Sùrájù kò mọ ohun tó kàn lẹ́yìn bá.